Èépá ojú ajá tí wọ́n pè ní pemphigus: bá a ṣe rí làpálàpá nídìí ẹ̀

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ajá kan sílẹ̀ kúlẹ̀kúlẹ̀ fún àwa tá à ń tọ́jú ẹranko, àti fún ẹnikẹ́ni tó ní ajá tí ojú ẹ̀ ń ṣe èépá tí kò lọ bọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan, mi ò sì ní sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ ni pé oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ajá yìí gan-an ló ń fún àìsàn ẹ̀ láyè láti gbilẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó kọ oògùn yẹn kì í ṣe òpè, ohun tó rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù ló tẹ̀ lé, ohun tó rí yẹn sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí àìsàn méjì bá jọra tó báyìí, tí oògùn ọ̀kan sì ń mú èkejì burú sí i, ó yẹ ká jọ sọ ọ́ dáadáa.

Akọ ajá ni, ọmọ ọdún márùn-ún, irú àwọn ajá kékeré alára líle tí wọ́n ń pè ní terrier. Ó ń jẹun, ara ẹ̀ yá, abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ pé. Nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ ò ju èépá kékeré kan lọ, lápá òsì imú, níbi tí irun ti pàdé awọ dúdú imú. Olówó ẹ̀ rò pé ó fi imú gbá nǹkan ni. Nígbà tó yá irun ibẹ̀ re, awọ ẹ̀ pọ́n, èépá tó ní àwọ̀ ìyeyè bò ó, ó wá ń gun orí imú lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yí ojú òsì ká tó sì dé ètè òkè. Ajá náà ò fi bẹ́ẹ̀ máa họ ara, ó kàn ń fi ọwọ́ nu imú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Níbi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní bakitéríà ni, wọ́n fún un ní cephalexin, oògùn tó ń pa bakitéríà. Ojú egbò náà mọ́ díẹ̀. Ìyẹn ò yani lẹ́nu, torí bakitéríà kì í pẹ́ gun orí awọ tó bá ti bó, tẹ́ ẹ bá pa á, ọyún á dín kù, èépá á gbẹ, èèyàn á rò pé ó ti ń lọ. Ṣùgbọ́n irun ò hù padà, ẹ̀gbẹ́ egbò sì ń fẹ̀ sí i. Ni wọ́n bá tú kókó ọlọ́yún kan, wọ́n fi gíláàsì pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi àró sí i, wọ́n wò ó. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yíwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lókè awọ máa ń di ara wọn mú ṣinṣin, tí ohun tó so wọ́n pọ̀ bá já, wọ́n á tú ká, wọ́n á di róbótó, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á wá máa dá wà nínú ọyún pẹ̀lú ojú dúdú láàárín, bí ẹyin díndín. Acantholytic cell là ń pè wọ́n. Wọ́n kọ́ gbogbo wa nílé ẹ̀kọ́ pé tá a bá rí wọn rẹpẹtẹ nínú ọyún tí kò sí bakitéríà níbẹ̀, pemphigus foliaceus ni kó kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa, ìyẹn àìsàn tí ara ajá fi ń gbógun ti ohun tó so sẹ́ẹ̀lì awọ ara ẹ̀ pọ̀. Pemphigus náà sì fẹ́ràn ojú àti orí imú. Gbogbo ẹ̀ bára mu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń dá ìjà ara dúró, 2 mg fún kílò kan lójúmọ́, ìyẹn iye tá a fi ń tẹ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lórí ba.

Ajá náà yá. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí díẹ̀ nìyí o, torí òun ló ń tan èèyàn jù. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan pupa lọ, ètè tó wú lọ sílẹ̀, èépá tó nípọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò. Tẹ́ ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà yẹn, á ní oògùn ti bá àìsàn wí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nínú àìsàn fúngọ́ọ̀sì bíi làpálàpá, ọ̀pọ̀ nínú pupa, wíwú àti ọyún tá à ń rí, ara ajá fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é bó ṣe ń gbìyànjú láti lé fúngọ́ọ̀sì náà jáde. Sítẹ́rọ́ìdì á wá dá ara dúró. Pupa á lọ, fúngọ́ọ̀sì á kù, á tún ráyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ torí kò sí ohun tó ń dà á láàmú mọ́. Nítorí náà kí ajá yá lórí prednisolone kì í ṣe ẹ̀rí pé pemphigus ni, kò sì fìgbà kan jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun àyàfi pé ara ajá náà gbọ́rọ̀ sí prednisolone lẹ́nu.

Bó ṣe wá di pé, nígbà tí wọ́n ṣì ń fún un lóògùn lójoojúmọ́, ibòmíì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: abẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ò tiẹ̀ pọ́n, irun kàn re róbótó, awọ ibẹ̀ sì ń ṣí funfun wẹ́wẹ́. Ajá ń mumi ní àmujù, ó ń tọ̀ sínú ilé, ikùn ẹ̀ já wálẹ̀, iṣan itan ẹ̀ ń gbẹ. Wọ́n ní prednisolone nìkan ò tó, kí wọ́n fi azathioprine, oògùn míì tó ń dá ìjà ara dúró, kún un kí ara lè rọlẹ̀ dáadáa. Olówó ajá ní kó tó di pé wọ́n fi oògùn míì kún un, òun fẹ́ kí ẹlòmíì bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ò bá wa lára mu ni pé apá òsì ló pọ̀ jù. Pemphigus nínú ajá máa ń fẹ́ ṣe apá méjèèjì bákan náà, tó bá mú ojú òsì á mú ojú ọ̀tún, tó bá mú etí kan á mú ìkejì. Ajá yìí, apá ọ̀tún ojú ẹ̀ mọ́ fínnífínní yàtọ̀ sí èépá bíńtín kan lórí imú. A yí etí ẹ̀ méjèèjì sódì, inú ẹ̀ mọ́. A gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àtẹ́lẹsẹ̀ ò bó, kò ya. Awọ dúdú imú fúnra ẹ̀ ò ní nǹkan, ibi onírun ni gbogbo ẹ̀ dúró sí. Kò sí ìkankan nínú wọ̀nyí tó lè dá dúró pé kì í ṣe pemphigus, mo ti rí pemphigus tó bẹ̀rẹ̀ lápá kan, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá pọ̀ tó báyìí ó yẹ kéèyàn jókòó kó tún un rò.

La bá jókòó bi olówó ẹ̀ léèrè, kì í ṣe nípa èépá, nípa ìgbésí ayé ajá náà. Kí ló ń ṣe tó bá jáde? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní "Dókítà, eku ni iṣẹ́ ẹ̀." Ajá yìí máa ń ki imú bọ ihò eku títí dé ojú, á fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ, á fà á jáde. Ẹ wo ibi tí egbò wà: imú, ojú, ètè, ẹsẹ̀ iwájú. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ni ìyá ilé na ọwọ́, ó ní òun náà ní nǹkan kan lọ́rùn-ọwọ́ tí wọ́n ní àléfọ́ ni, wọ́n fún òun ní kírìmù, nígbà tóun bá fi sí i á rọlẹ̀, tóun bá dá a dúró á tún fẹ̀. Róbótó ni, etí ẹ̀ pọ́n ó sì ga díẹ̀, àárín ẹ̀ ń mọ́. Mi ò kí ń tọ́jú èèyàn, mi ò sì bá a sọ oògùn, mo ní kó lọ bá dókítà èèyàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó sì sọ fún un pé ajá òun ní nǹkan lára tó ṣeé ṣe kó jẹ́ fúngọ́ọ̀sì. Kírìmù tí wọ́n fún un, sítẹ́rọ́ìdì ló wà nínú ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ajá lójú ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìyá lọ́wọ́.

Ní báyìí a ti fura, ó kù ká rí ẹ̀rí. Ẹ̀rí náà ò sì tètè wá.

A pa iná, a tan Wood's lamp sí i, iná aláwọ̀ àlùkò tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ wà ní nǹkan bíi 365 nm. A jẹ́ kó gbóná dáadáa, a wo irun kọ̀ọ̀kan létí egbò. Kò tàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń pa fáìlì dé. Nínú àwọn fúngọ́ọ̀sì tó ń fa làpálàpá lára ajá, Microsporum canis ni irun ẹ̀ máa ń tàn ní àwọ̀ ewé tútù lábẹ́ iná yẹn, òun náà kì í ṣe gbogbo ìgbà. Trichophyton tó ń wá láti ara eku kì í tàn rárá. Nannizzia gypsea tó ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀, òun náà ò tàn. Nítorí náà ajá tó ń gbẹ́ ihò eku gan-an ni iná yẹn ò lè dá láre.

A ha awọ jinlẹ̀ díẹ̀ ká lè wá kòkòrò Demodex, torí ajá tí wọ́n ti ń fún ní sítẹ́rọ́ìdì tó báyìí, Demodex lè jí lára ẹ̀, ó sì fẹ́ràn ojú. Kò sí. A fa irun létí egbò, a kó o sínú òróró lórí gíláàsì, a wá èyí tó ti wú tó sì ti ń fọ́, tí hóró fúngọ́ọ̀sì yí ká. Kò sí èyí tó dá wa lójú. A tún ọyún wò fúnra wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì róbótó yẹn wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kò sì sí bakitéríà. Ká ní ibẹ̀ la dúró, àwa náà ì bá kọ pemphigus.

Ohun méjì la wá ṣe lọ́jọ́ kan náà. Àkọ́kọ́, a mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun tó ṣì wà nínú ọ̀rá ẹ̀, a fi gbọn egbò kọ̀ọ̀kan àti irun tó yí i ká, ibi tí kò tíì ní nǹkan la kọ́kọ́ gbọ̀n ká tó dé ibi egbò, a wá tẹ búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́ ojú DTM, oúnjẹ tí wọ́n ń fi hu fúngọ́ọ̀sì. Ìkejì, a gé ẹran ara kékeré níbi mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, a jẹ́ kí èépá wà lórí ẹ̀. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí gan-an. Nínú iṣẹ́ abẹ míì a máa ń fá irun, a máa ń fọ awọ títí á fi mọ́ ká tó fi ọ̀bẹ kàn án. Nínú irú èyí, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má nù ún, tí èépá bá ṣí bọ́, ẹ mú un, ẹ sọ ọ́ sínú ìgò pẹ̀lú ẹran náà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé èépá wà níbẹ̀ kí wọ́n gé òun náà. Tẹ́ ẹ bá fọ èépá dà nù, ẹ ti da ẹ̀rí nù.

Èsì ẹran ara ló kọ́kọ́ dé. Ó ní ọyún wà lábẹ́ òkè awọ, sẹ́ẹ̀lì tó tú ká pọ̀ nínú ẹ̀, ó bá pemphigus foliaceus mu. Olówó ajá ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì báyìí, lẹ́nu èèyàn méjì tí ò mọra wọn. Ó bi mí pé kí ló tún kù tá à ń dúró dè. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Mo ka èsì náà lẹ́ẹ̀kejì, mo rí i pé àró tí láàbù máa ń lò fún gbogbo ẹran ara ni wọ́n lò, ìyẹn H&E. Fúngọ́ọ̀sì lè wà níbẹ̀ kí àró yẹn má fi hàn, pàápàá tó bá jẹ́ pé inú èépá ló wà tí kò sì wọ inú irun. Mo gbé fóònù, mo bá ẹni tó ka gíláàsì náà sọ̀rọ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ ihò eku fún un, mo sọ ọ̀rọ̀ ọrùn-ọwọ́ ìyá ilé, mo sọ pé apá òsì ló pọ̀ jù, mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi PAS sí i, ìyẹn àró tó ń jẹ́ kí fúngọ́ọ̀sì hàn. Inú mi dùn pé kò bá mi jiyàn rárá, ó ní òun ì bá ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ ká ní ọ̀rọ̀ eku wà lórí fọ́ọ̀mù. Nígbà tí PAS jáde, okùn fúngọ́ọ̀sì wà nínú èépá, aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, nínú méjì lára ẹran mẹ́ta tá a gé. Nínú irun, díẹ̀ báyìí ló wà. Ìdí nìyẹn tá ò fi rí i nígbà tá a fa irun.

Kí ló dé tí fúngọ́ọ̀sì ń ṣe sẹ́ẹ̀lì tó jọ ti pemphigus? Trichophyton ń jẹ kẹ́rátìnì, ìyẹn ohun tí òkè awọ, irun àti èékánná fi le, ó sì ń tú èròjà jáde tó ń yọ́ ọ kó tó lè jẹ ẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń rọ́ wá bá a jà náà ń tú èròjà tiwọn. Láàárín méjèèjì, ohun tó so sẹ́ẹ̀lì awọ pọ̀ á já, wọ́n á di róbótó. Bakitéríà tó lágbára lè ṣe irú ẹ̀. Nítorí náà sẹ́ẹ̀lì róbótó ń sọ fún yín pé nǹkan já, kò sọ ẹni tó já a.

DTM náà ò pẹ́ mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, nǹkan funfun tó fẹ́ jọ àwọ̀ ìpara, tó tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì dà bíi pé wọ́n bu lúbúlúbú lé e, ti hù lójú ẹ̀, oúnjẹ abẹ́ ẹ̀ sì pọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún pupa yẹn o. Oúnjẹ yẹn ní àró kan tó ń pọ́n tí purotéénì bá ń di jíjẹ. Fúngọ́ọ̀sì làpálàpá máa ń kọ́kọ́ jẹ purotéénì, nítorí náà pupa àti híhù jọ ń wáyé ni. Èbu lásán tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ máa ń kọ́kọ́ jẹ ṣúgà, á hù tán, ó di ọjọ́ mélòó kan kó tó pọ́n. Tẹ́ ò bá wò ó lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ sí kọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ wá padà bá a ní pupa, ẹ ò lè mọ èwo ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. A fi téèpù mú díẹ̀ lára ẹ̀, a wò ó: hóró wẹ́wẹ́ tó ṣù jọ bí èso àjàrà, okùn tó lọ́ pọ̀ róbóróbó láàárín wọn. Láàbù tá a fi ránṣẹ́ sí fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ìdílé Trichophyton mentagrophytes ni.

Ìtọ́jú wá kù. Ohun tí olówó ajá fẹ́ ni pé ká dá prednisolone dúró lọ́jọ́ náà, mo sì mọ ìdí tó fi fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ajá tó ti ń gbà á tó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ara ẹ̀ ti dẹ́kun ṣíṣe irú èròjà yẹn fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá já a gbà lójijì ó lè ṣubú lulẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ itraconazole, oògùn tó ń pa fúngọ́ọ̀sì, lójú ẹsẹ̀, 5 mg fún kílò kan lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ kó lè wọ ara dáadáa, lẹ́yìn tá a ti kọ́kọ́ yẹ ẹ̀dọ̀ ẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ oògùn ṣe ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe èyí tẹ́nì kan fúnra ẹ̀ pò pọ̀ láti ara oògùn lúbúlúbú, torí itraconazole tí wọ́n pò bẹ́ẹ̀ kì í sábà wọ ara bó ṣe yẹ. Fún ara, a ní kí wọ́n fi ṣámpù tó ní miconazole àti chlorhexidine, 2% ọ̀kọ̀ọ̀kan, wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ọṣẹ náà sì wà lára ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣàn án. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dé ojú, chlorhexidine lè ba ẹyinjú jẹ́. Ojú fúnra ẹ̀, kírìmù miconazole lásán la fi pa á, tá à ń yẹra fún etí ẹyinjú.

Ìgbà tó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wá dé, kì í sì í ṣe ìgbà tá à ń wá àìsàn. Bá a ṣe ń dín prednisolone kù, ojú ajá náà tún pọ́n. Ètè wú. Ibi tó ti gbẹ tún ń ṣe omi. Olówó ẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ ní alẹ́, ó ní "Dókítà, ẹ wò ó, pemphigus náà ti padà, ẹ jẹ́ ká dá oògùn yẹn padà." Mo gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́yé. Ojú ajá yẹn burú ju ìgbà tí wọ́n gbé e wá lọ. Ṣùgbọ́n ara tó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ló wá jí, tó rí fúngọ́ọ̀sì tó ti gbilẹ̀ dé ibi gbogbo, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Mo ní kí wọ́n gbé e wá, a tún ọyún wò, bakitéríà ti wọ̀ ọ́, a fún un ní àńtíbáyọ́tíìkì fún ìyẹn, a ò sì dá prednisolone padà sókè. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe irú ìtọ́jú yìí, ẹ sọ fún olówó ajá ṣáájú pé yóò burú kó tó dáa, ẹ sọ ọ́ fún un lójúkojú, torí tó bá jẹ́ lóru ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kò ní gbà yín gbọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó rọlẹ̀. Irun kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí imú.

Nígbà tí gbogbo ara ẹ̀ ti hu irun tán, tó tún ti rí bí ajá, a tún fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n. Fúngọ́ọ̀sì tún hù. Kò pọ̀, bíi méjì mẹ́ta péré lójú DTM, nígbà tó jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ bo gbogbo ojú ẹ̀. Ìdààmú bá wọn nílé. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé búrọ́ọ̀ṣì kì í bi awọ léèrè bóyá ó ń ṣàìsàn, hóró tó bá wà lórí irun ló ń kó, ì báà jẹ́ láti inú awọ ló ti ń jáde, ì báà jẹ́ láti ibi tí ajá sùn sí ló ti dì mọ́ ọn. La bá bi wọ́n ní ohun tí ajá ń lò. Wọ́n ti fọ aṣọ ìbùsùn, wọ́n ti gbá ilé. Okùn aláwọ tí wọ́n fi ń de ajá yìí láyà tí wọ́n bá ń mú un jáde, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, òun náà ló sì wà lára ẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ nù. Búrọ́ọ̀ṣì irun, wọ́n sọ òun náà nù. Wọ́n tún ilé gbá, wọ́n fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ kí wọ́n tó fi omi báḷíìṣì tí wọ́n ti là sí i nù ún, torí ìdọ̀tí àti irun kì í jẹ́ kí báḷíìṣì ṣiṣẹ́. Hóró yẹn ò lè bí sí i nínú ilé torí kò sí awọ tó máa jẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà kíkó irun kúrò lọ́pọ̀ ìgbà ló ń ṣe iṣẹ́ jù, báḷíìṣì ló tẹ̀ lé e. A wẹ ajá, a jẹ́ kó gbẹ, a tún gbọ̀n ọ́n. Kò sí. A tún dúró, a tún gbọ̀n ọ́n, kò sí. Ìgbà yẹn la tó dá itraconazole dúró. Ẹ̀dọ̀ ẹ̀ fara dà á títí dé òpin. Ìyá ilé náà yá, oògùn fúngọ́ọ̀sì ni dókítà èèyàn fún un nígbà tó gbọ́ ti ajá.

Ìlànà tí World Association for Veterinary Dermatology gbé jáde lọ́dún 2017 lórí làpálàpá ajá àti ológbò sọ ọ́ pé kò sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó lè dá dúró láti fi dá ẹjọ́. Nínú ajá yìí, tá a bá kà wọ́n, iná ní kì í ṣe fúngọ́ọ̀sì, irun ò sọ nǹkan kan, ọyún ní pemphigus, ẹran ara pẹ̀lú àró lásán ní pemphigus. PAS àti DTM nìkan ló sọ òtítọ́, ohun tó sì jẹ́ ká béèrè fún PAS kì í ṣe láàbù, ihò eku àti ọwọ́ ìyá ilé ni.

Nítorí náà, lọ́dọ̀ wa ní báyìí, ajá tó bá wá pẹ̀lú èépá lójú, kódà tí ọyún ẹ̀ bá kún fún sẹ́ẹ̀lì róbótó, a máa gbọ̀n ọ́n pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tá a gé ẹran ara ẹ̀, a sì máa kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà pé kí wọ́n ṣe PAS. A máa kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú tó bá ń pa eku, tó bá ń gbẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nílé bá ní nǹkan lára. A kì í bẹ̀rẹ̀ prednisolone kí PAS tó dé, àfi tí ajá náà bá wà nínú ewu gidi, tí ibà mú un, tí kò jẹun, tí awọ ẹ̀ ń bó káàkiri. Èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ lè dúró. Láàárín ìgbà tó ń dúró, a máa tọ́jú bakitéríà tó bá wà, a máa fi oògùn fúngọ́ọ̀sì pa á lára, torí ìyẹn ò lè mú pemphigus burú sí i tó bá wá jẹ́ òun ni. Ajá tó bá sì ti wà lórí sítẹ́rọ́ìdì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tí egbò tuntun ń jáde lára ẹ̀ nígbà tó ń gba oògùn náà lọ́wọ́, búrọ́ọ̀ṣì ló máa kọ́kọ́ rí, ká tó sọ̀rọ̀ azathioprine rárá.